Ìgò Àgbo Ìyá Ìyàwó Mi

Ọmọkùnrin tí a bí ní Ọ̀rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin láyé nígbà tí ẹyinjú rẹ̀ di bíi pupa ẹyin. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Kò mu ọmú mọ́.

Lójú tèmi, ìyá ìyàwó mi ló fà á. Odigbo ló ti wá wẹ ọmọ, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo sì rí ìgò àgbo tó fi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi. Akọ̀ròyìn ni mí; wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà náà, kò sì sẹ́ni tí n kì í fura sí.

"Màmá, kí lẹ fún ọmọ yìí mu?"

"Ọmú ìyá rẹ̀."

"Ìgò ẹ̀yìn ìkòkò ńkọ́?"

"Ẹ wá wo ọlọ́pàá! Gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, jàre, tó o bá délé kó o wá máa kọ ìwé ìròyìn."

Mo sọ ìgò náà sínú àpò mi: ẹ̀rí nìyẹn. A wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ní gbogbo ọ̀nà, ọwọ́ Màmá ni mò ń ṣọ́.

Dókítà kò tilẹ̀ wo ìgò mi. Ó gbé aṣọ tí a fi wé ọmọ sí imú.

"Níbo ni aṣọ yìí ti wá?"

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni," ìyàwó mi dáhùn. "Inú àpótí ló wà láti ọjọ́ yìí."

"Pẹ̀lú kánfọ̀?"

Ìyàwó mi wojú mi.

Dókítà ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fọ́ ṣúgà, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí agbára dáàbò bo ara rẹ̀. Ti ọmọ yìí kò tó, kánfọ̀ sì ń ba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí a bá pẹ́ sí i, oró tó sọ ojú rẹ̀ di pupa yóò dé ọpọlọ. Àbímọ́ ni àìtó náà, ọ̀dọ̀ ìyá lọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀.

Mo yíjú sí ìyá ìyàwó mi kíá. "Màmá, ẹ ò rí i? Ìdílé yín ni."

"Ó dáa, ẹ̀jẹ̀ tiwa ni. Kánfọ̀ ńkọ́? Ta ló rà á?"

Èmi ni. Odidi páálí kan, ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó sáàárín aṣọ, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbá ọmú mú. Mo yọ ìgò nínú àpò, mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú."

Ó ṣí i, ó gbé e mu kíkún ẹnu, ó nu ètè.

"Àgbo orúnkún mi ni," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta lo fi tì í mọ́lé. Dìde, kó o fà mí sókè."