Àdìsá Káfíńtà Lórí Òrùlé Ìyá Azeezah

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni Bàríkísù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Azeezah, jẹ Sàlíhù Àdìsá káfíńtà. Owó ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì ni, tí ó kàn fún un ṣáájú ààwẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tí í sá fún olówó rẹ̀. Ata gbígbẹ ló ń tà ní ọjà Ipata ní Ìlọrin, títà ló kàn dẹnu kọlẹ̀. Kí ó tó rí owó san, ìjì dé, ó ká páànù ilé rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, ó gbé e jù sínú gọ́tà. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé Àdìsá kò mì rárá. Àdìsá lọ wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn, ojú sì tún tì í pé inú òun dùn.

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì Malete kó ara wọn jọ láti tún ilé àwọn tí ìjì bá jà ṣe. Àwọn ọlọ́rẹ ra páànù àti igi, iṣẹ́ ọwọ́ sì jẹ́ físabílílláhì, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí Àdìsá wá ṣáájú àwọn. Àdìsá tí kì í gbá ìṣó kan wọgi kí ó tó mọ iye owó tí yóò gbà! Síbẹ̀, ó gbé òòlù.

"Mo gbà," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ ìṣó, òun ni yóò nà án."

Nígbà tó kan ilé Ìyá Azeezah, ìyá náà jókòó sí àgbàlá, ó ń dín àkàrà fún wọn. Láti òkè ni Àdìsá ti rí àpò ata tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀ nínú yàrá. Ó ṣírò rẹ̀. Àánú ṣe é. Ó nàró lórí igi òrùlé, ó ké:

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́rìí mi! Gbèsè tí Bàríkísù jẹ mí, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún un nítorí Ọlọ́run!"

Àwọn ọ̀dọ́ dá òòlù dúró. Ní Ìlọrin, ibi òkú ni wọ́n ti ń pariwo irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n tó kírun sí i lára, nígbà tí Àfáà bá bèèrè ẹni tí olóògbé jẹ lówó.

Ìyá Azeezah gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àdìsá, ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá, oore ni mo..."

"Ṣé o ti wẹ̀ mí? Aṣọ funfun ńkọ́, o ti rà á?" Ó fa àkàbà kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó lé e. "Ìgbà tí o bá gba gbèsè rẹ padà ni wàá sọ̀ kalẹ̀."

Abdulmujeeb, olórí àwọn ọ̀dọ́, wà lókè pẹ̀lú rẹ̀. "Ìyá, èmi ò yọ̀ǹda nǹkan kan o! Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ní tèmi, àkàrà ń tutù!"

Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá kan.

"Ṣùgbọ́n ata yín ti bàjẹ́," ni Àdìsá wí.

"Ata ló bàjẹ́, èmi kò bàjẹ́. Àwìn ni mo fi ń ra ọjà ní Ipata. Bí àwọn tó ń tà á fún mi bá gbọ́ pé wọ́n ń fi gbèsè tọrẹ fún mi, ta ni yóò tún kó àpò kan fún mi? Ìwọ?"

Gbogbo ìṣírò tí Àdìsá ṣe, kò ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Páànù tí wọ́n ti kàn sì ti ń jó o lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn.

"Mo gbà á padà!" ni ó pariwo. "Ará àdúgbò, Ìyá Azeezah jẹ mí lówó! Ó jẹ mí gan-an!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé àkàbà padà, iṣẹ́ tẹ̀síwájú, òrùlé sì parí kí wọ́n tó pe ìrun alásárì. Ìyá Azeezah tú etí ìró rẹ̀, ó ka ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí Àdìsá lọ́wọ́. Káfíńtà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlógójì," ni ó wí lóhùn òkè, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́," ni Ìyá Azeezah wí, ó sì bu àkàrà kún ti Àdìsá.