Iná Mẹ́ta fún Ọjọ́ Ọjà

Èmi nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ wa bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣírò. Ìlọrin ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Olùkọ́ wa kọ òdo àti ení sára pátákó, ó ní ẹ̀rọ ò mọ̀ ju méjì yìí lọ: iná wà, tàbí iná ò sí. Ó ní bí a bá fi ení kún ení, òdo ni a ó kọ sílẹ̀, a ó sì gbé ení lọ sí àyè kejì. Àwọn ọkùnrin inú kíláàsì ń kùn. Èmi ò kùn. Ilé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ pe ẹ̀tàdínlógún, wọ́n á kọ́kọ́ sáré dé ogún kí wọ́n tó yọ ẹ̀ta kúrò, ni mo ti wá. Kò sí ìṣirò tó tún lè yà mí lẹ́nu. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù, mo sì rí i dájú pé gbogbo wọn mọ̀.

Odò-Ọwà ni ìyá mi ń gbé nígbà náà, ní ilé tó kángun sí ọ̀nà oko. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ látìgbà tí bàbá mi ti kú. Irú ló ń tà. Ọjà tó ń ná wà ní ìlú kejì, ọjà ọrọọrún ni. Òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń ka ọjọ́: láràárọ̀, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù, á ju ẹyọ kan sínú àwo tánganran tó wà lójú fèrèsé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọjọ́ ọjà ré e kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní adìẹ ló tú òkúta òun ká nígbà àkọ́kọ́. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ìyá wa ń bá ná ọjà. Ó wá sílé lọ́jọ́ Sátidé kan tí èmi náà wà níbẹ̀.

“Yèyé,” ó ní, “bí ẹ bá tún pa ọjà jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, mà á wá kó yín lọ sí Ìlọrin. Ẹ ò lè dá gbé mọ́.”

“Kí ni mo fẹ́ ẹ́ ṣe n'Ílọrin?” ni ìyá mi dá a lóhùn. “Kí n jókòó ti ògiri ulé oníulé?”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ń múra àtilọ. Mo mọ̀ ọ́n, bó bá ti dìde báyẹn, ó ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìyá mi ì bá máa bi àwọn aládùúgbò léèrè ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ná ọjà kan fún ogójì ọdún, tó wá ń bèèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ìlú á ti gbọ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ.

Mo ní iṣẹ́ kan láti ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ ní àsìkò yẹn. Mo ní n kúkú ṣe ohun tí yóò wúlò nílé. Mo ṣe àpótí pákó kan tí kò ju Bíbélì lọ, mo to iná pupa kéékèèké mẹ́ta síwájú rẹ̀, mo fi iná aláwọ̀ ewé kan sókè wọn, mo sì fi bọ́tìnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bátìrì rédíò ló ń lò. Iná kìíní dúró fún ení, èkejì fún èjì, ẹ̀kẹta fún ẹ̀rin. Bí ìkìíní àti èkejì bá jọ tàn, ẹ̀ta nìyẹn. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú, òdo ni, iná aláwọ̀ ewé á sì tàn: ọjọ́ ọjà dé. Nígbà tó sì jẹ́ ọjà ọrún ni, mo kọ márùn-ún sórí ìwé, mo so wáyà inú rẹ̀ pé bí a bá ti tẹ bọ́tìnì nígbà márùn-ún, kí ó padà sí òdo. Olùkọ́ mi tẹ̀ ẹ́, ó kà á, ó pé márùn-ún géérégé. Ó ní iṣẹ́ náà dára.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kan ni mo gbé e délé. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Mo fi iná aláwọ̀ ewé hàn án, mo ṣàlàyé fún un pé láràárọ̀, bí agogo bá ti lù, kí ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ujọ́ ọjà,” ó ní, “kí ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí?”

“Òdo ni, Yèyé.”

“Òdo kẹ̀? Ujọ́ tí mo ru ẹrù, tí mo rìn, tí mo tajà, òun lẹ pè ní òdo?” Ó rẹ́rìn-ín títí. “Òkúta tèmi, ujọ́ ọjà ni mo ti ń ju ẹyọ kìíní.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ì bá là mí lójú, bí mo bá létí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á nìyẹn, àti pé ẹ̀rọ kì í ṣìṣe. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ. Ó gbé àwo tánganran náà lójú fèrèsé, ó sì da òkúta inú rẹ̀ nù sẹ́yìn ilé níṣojú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sí Ìlọrin.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ó ti tún ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá wa jókòó sílé. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó ru irú lọ sí ọjà tó ti tú, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu nìkan ló bá níbẹ̀. Àwọn tó rí i lójú ọ̀nà bá a gbé ẹrù padà wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti kó o dé Ìlọrin.

“Ẹ̀rọ tìrẹ náà ò ràn án lọ́wọ́,” ó ní. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi, àánú ló fi sọ ọ́.

Mo jókòó ti ìwé mi lẹ́yìn tó lọ, mo tún wáyà tí mo yà sínú rẹ̀ tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí àṣìṣe. Nígbà tó sú mi, mo ka ọjọ́ lórí ìka bí wọ́n ṣe ń kà á nílé. Ká ní òní ni ọjọ́ ọjà, ení. Ọ̀la, èjì. Ọ̀túnla, ẹ̀ta. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rin. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, àrún, ọjà dé, ọjọ́ yẹn kan náà sì ni ení fún ọjà mìíràn. Ọjọ́ ọjà méjèèjì ni ọrún wa ń kà mọ́ ọn. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ̀rin ni yóò bá a níbẹ̀, kì í ṣe àrún. Iná méjì ti tó. Iná kẹta kò yẹ kó tàn rárá. Ọjọ́ tó tàn gan-an ni ọjọ́ ọjà.

Kò sí ọmọ ọdún méje kan nílùú wa tí kò mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé kà. Wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kejì, mo sì jẹ́wọ́. “Bùọ̀dá, èmi ni mo ṣìṣe, kì í ṣe Yèyé.”

Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán. “Ìgbà méjì àkọ́kọ́ ńkọ́?” ó ní. “Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn?” Ó ní òun ti fi ilé Yèyé ní Odò-Ọwà fún olùkọ́ kan tó ń wá ibi tí yóò gbé.

Ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, lórí àga, ó jókòó ti ògiri. Ó ti kó àpótí náà mọ́ ẹrù rẹ̀ wá, kò jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná.

“Yèyé, ọjọ́ tí iná kẹta tàn, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni?”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo ti di ẹrù. Mo jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo uná rẹ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ùwọ lo ní ẹ̀rọ éè í ṣìṣe. Mo ní, ó mà ṣe o, orí tèmi ni éè pé mọ́.”