Ìwé Ìrìbọmi Ọ̀rẹ́ Mi

Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ògiri kan ló sì pààlà ilé wa ní Ẹdẹ. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Mùsùlùmí ni àwa, bàbá mi ń dáko lọ́nà Sẹ́kọ̀nà. Nígbà tí a di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sòbìà mú àwa méjèèjì. Ó jáde tán, ó fi egbò sílẹ̀ fún wa lẹ́sẹ̀.

Àsìkò yẹn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò ní í sanwó ìtọ́jú mọ́, ìbáà ṣe ọmọ olówó tàbí ti tálákà. A jọ tiro lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí wa. Ọ̀rẹ́ mi yọ ìwé ìrìbọmi rẹ̀ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ò ní ìwé kankan. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin tó o ga gbọ̀ngbọ̀nràn báyìí? Lọ mówó wá."

Mo jókòó, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń fi báńdéèjì funfun wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Owú jẹ mí débi pé mo gbàdúrà kí oògùn tí wọ́n fi sí i ta á. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní kí n fara ti èjìká òun. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi bá mi padà lọ, wọ́n ṣàlàyé títí. Ọkùnrin náà ní kò sí ìyá tí kì í dín ọjọ́ orí ọmọ kù.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń jiná, tèmi ń rùn. Mo yọ́ wọ yàrá wọn, mo jí ìwé náà. N ò fẹ́ fi gba ìtọ́jú. Mo kàn fẹ́ kí òun náà di aláìníwèé bíi tèmi. Ìyá rẹ̀ ká mi mọ́ ìdí ààrò.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ sun ún níná ni, mà."

Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n wé gèlè, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọkùnrin náà ní dìsípẹ́ńsárì.

"Ọ̀gá, èmi àti ìyá ọmọ yìí la jọ lóyún. Bí tèmi bá jẹ́ ọmọdé, báwo ni tiwọn ṣe dàgbà?"

Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Egbò mi jiná kí òjò tó dá. Ṣùgbọ́n owú mi le sí i ni. Ìyàwó tíṣà sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbà á. Ìyá mi sọ ọ́ títí, wọ́n pè wọ́n ní òpùrọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò mọ ohun tó bí mi nínú. Mo relé ọkọ láìbá a sọ ọ́.