Ìkíni Tí Mo Gbé Dé Ilé Tẹ́tẹ́ ní Kútọnu

Ìpè àsùbáà ń dún lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé báàgì kọ́ èjìká, tí mo jáde nílé wa ní Challenge, ní Ìlọrin. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, onígbàgbọ́, tíṣà ìṣirò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ilé tẹ́tẹ́ ni n óò ti lo ìsinmi mi, ǹ bá bá a jà. Ṣùgbọ́n Délé, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé gíga, tó ń gbé Kútọnu, ní òun yóò kọ́ mi ní ọgbọ́n kan tó jẹ́ ìṣirò pọ́ńbélé: bí a ṣe ń fi ojú tọpa káàdì nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, mo ti ya Ọjà-Ọba lọ kí Alhaja tó ń ta tẹ̀súbáà. Èmi ni mo kọ́ Ṣẹrífátù ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ní òtẹ́ẹ̀lì, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún ìyá rẹ̀.

"À ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù o, Tíṣà," ni Alhaja wí, "ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe ojú. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

Mo ní n óò kí i. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo san dé Èkó. Láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, kòtò pọ̀ débi pé ọwọ́ méjèèjì ni dírẹ́bà wa fi di ìdarí ọkọ̀ mú. Ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù mi, náírà sì di sẹ́fà. Nígbà tí mo dé Kútọnu, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn ló gbé mi dé ilé Délé ní ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà. Ẹ̀wù òfeefèé ni gbogbo ọlọ́kadà ibẹ̀ ń wọ̀. Ẹja la fi jẹ àkàsà. Ẹ̀kọ tiwa náà ni, àmọ́ ata tútù tí wọ́n gún ni wọ́n ń fi sí i, níbi tí àwa ìbá ti wá mọ́ínmọ́ín.

Ọjọ́ méjì ni Délé fi kọ́ mi lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀. Nínú eré náà, ẹni tí àròpọ̀ káàdì rẹ̀ bá sún mọ́ ọ̀kànlélógún jù láì kọjá rẹ̀ ló jẹ. Káàdì ńlá, bíi mẹ́wàá, a máa gbe ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà, wàá ṣọ́ ibi tí àwọn ńlá kó jọ sí nínú èyí tí wọ́n ti lò, wàá fi ojú tẹ̀lé wọn bí wọ́n ṣe ń pò ó. Nígbà tí wọ́n bá ní kí o gé e, ìyẹn ni pé kí o pín òkìtì káàdì náà sí méjì, wàá gé e síbi tí àwọn ńlá yóò fi bọ́ síwájú.

"Kì í ṣe èrú," ni Délé wí, "ojú rẹ nìkan lo lò. Òfin kan péré ló wà: má bá ẹni tó ń pín káàdì sọ̀rọ̀ bí ẹni mọ̀ ọ́n. Ìwọ, wọn á ní kí o máa lọ. Òun, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, a wọ ilé tẹ́tẹ́ náà. Krúpíyè ni wọ́n ń pe apínkáàdì níbẹ̀. Krúpíyè tábìlì wa gbójú sókè: Ṣẹrífátù ni. Ó rẹ ojú sílẹ̀ kíá, ó ní, "Bọ̀njúù, mùsíyè," ìyẹn ni pé ẹ káàsán, ọ̀gá. Kò kúnlẹ̀ kí mi. Kí n má purọ́, inú bí mi. Ọmọ tí mo kọ́!

Síbẹ̀ mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe ìṣirò ní kíláàsì mi ló ṣe ń po káàdì: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo mọ ibi tí àwọn ńlá wà. Mo gé e síbẹ̀, mo fi owó gidi lé e. Wọ́n ń jáde tẹ̀lé ara wọn. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ irú ìṣirò yìí sójú pátákó, n kò fojú rí i rí. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn, mo gbàgbé ara mi.

"O ṣé, Ṣẹrífátù ọmọ mi," ni mo wí. "Ìyá rẹ ní kí n kí ọ."

Ọmọ Ìlọrin ni. Kó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wo òkìtì àmì owó, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ dípò owó, tó wà níwájú mi, ó wo orúnkún ọmọ náà. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. Ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ sìn wá jáde.

A dúró lójú títì títí Ṣẹrífátù fi jáde tòun ti báàgì rẹ̀. "Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, sà. Wọ́n ní mo mọ̀ yín, pé èmi ni mo ń fọ̀nà hàn yín."

"Jẹ́ kí n padà wọlé, kí n ṣàlàyé fún wọn."

"Mo ṣáà mọ̀ yín lóòótọ́, sà. Kí lẹ fẹ́ sọ?" Ó nu ojú. "Ẹ má sọ fún ìyá mi. Ẹ bá mi kí wọn." Ó tún kúnlẹ̀, nínú iyanrìn. Mo fi owó tí mo jẹ lọ̀ ọ́, kò gbà á. Mo fi owó náà sílẹ̀ fún Délé.

Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Ìlọrin, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Nígbà tí ọmọ yẹn rẹ ojú sílẹ̀, ó ń bẹ̀ mí ni. Èmi pè é ní àfojúdi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́ láti wò, n kò wo ojú rẹ̀.

Alhaja ti ń retí mi ní Ọjà-Ọba.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i, Alhaja. Ara rẹ̀ le. Ó ní kí n kí yín."

Ó gbé tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àbí Kútọnu ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó kúnlẹ̀, Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Alhamdulillahi," ni ó wí, ó sì fa àga fún mi. N kò lè jókòó.