Èwo Ni Àbíkẹ́yìn Nínú Ọkọ̀ Pupa àti Ọkọ̀ Yẹ́lò?

Àdìgún tó ń rán ṣíìtì ọkọ̀ ní àdúgbò Bè kì í ṣe oníjà ènìyàn. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kó wọn wá sí Lomé, kò sẹ́ni tó rí i kó fa aṣọ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí oníbàárà bá bú u, á fi òwú sẹ́nu, á máa rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé òun àti Ṣóbọ̀wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò kí ara wọn mọ́, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Lásìkò yẹn, kí ni kì í ṣe òṣèlú? Ìyanṣẹ́lódì ti sé gbogbo ìlú mọ́lé, ọjà tì pa, ilé ẹ̀kọ́ tì pa, ọmọ ìyá méjì kò sì lè jẹun nínú abọ́ kan náà bí ọ̀kan bá ń ṣe ti ìjọba tí èkejì ń ṣe ti alátakò. Ìsìlámíyátù, ìyàwó Àdìgún, gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì í. Ọkọ̀ ni àwọn géńdé méjèèjì torí ẹ̀ jà, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú kàn rí.

Abẹ́ àtíbàbà kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gba fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá. Ṣóbọ̀wálé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń kun ọkọ̀. Àdìgún ló ń rán ṣíìtì. Bí ọkọ̀ àlòkù bá ti èbúté dé, Àdìgún á kọ́kọ́ tú ìjókòó inú rẹ̀ jáde kí ọ̀dà má baà ta sí i. Ṣóbọ̀wálé á wá kùn ún. Bí ọ̀dà bá gbẹ tán, Àdìgún á dá ìjókòó padà. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn wọn ti máa ń wà, àmọ́ ti ẹ̀rín ni. Ṣóbọ̀wálé á ní bí ọ̀dà bá ti gbẹ, ọkọ̀ ti parí, ìyókù àga lásán ni. Àdìgún á ní kó wá jókòó sórí ọ̀dà ná, ká wo bó ṣe máa rìn dé àdúgbò Cacaveli.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì dé, ọkọ̀ kankan ò tún ti èbúté jáde mọ́. Ọwọ́ sinmi, ẹnu wá gba iṣẹ́ ṣe. Ìwé ìròyìn ọkọ̀ méjì kan wà tí oníbàárà gbàgbé síbẹ̀. Barthélemy, tíṣà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí àtíbàbà wọn, tóun náà ń yanṣẹ́ lódì, ló ń kà á fún wọn, torí Faransé inú ìwé ju Faransé ẹnu ọjà tí wọ́n gbọ́ lọ. Irú ọkọ̀ eré ìje kan wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó ṣe ìwọ̀nba díẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì búra pé àwọn ò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìwé àkọ́kọ́ ní pupa kan ni ìkẹyìn, torí òun ló ní nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Ìwé kejì ní irọ́ ni o, yẹ́lò kan bí ìyeyè ni, torí bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ ṣáájú, òun ló jáde nílé iṣẹ́ kẹ́yìn pátápátá.

"Pupa ni," Àdìgún sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní ìdí kankan ju pé pupa wù ú lọ.

"Yẹ́lò ni," Ṣóbọ̀wálé dáhùn. Ìdí tirẹ̀ ni pé Àdìgún ti ní pupa ni.

Bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì Àdìgún gbé ọgbọ́n tuntun dé.

"Ṣóbọ̀, gbọ́ mi. Nínú Táyé àti Kẹ́hìndé, ta ló kọ́kọ́ jáde?"

"Táyé."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé ni. Òun ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò."

"O ṣeun. Yẹ́lò tó jáde kẹ́yìn, Kẹ́hìndé ni. Ẹ̀gbọ́n ni. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe wá di àbíkẹ́yìn?"

Àwọn tó wà níjòókòó pàtẹ́wọ́. Barthélemy ní kí wọ́n tún un ṣàlàyé fóun. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ó di orí mú.

"Ìbejì kẹ̀?" ni Ṣóbọ̀wálé wí. "Oyún kan náà ni? Ọmọ orogún ni wọ́n! Ìyàwó tó kẹ́yìn wọlé lè kọ́kọ́ bímọ. Ọjọ́ tí ọmọ dáyé là ń kà, a kì í ka ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wọlé."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, ojúmọ́ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú. Barthélemy ní, "Mes frères, ẹ̀yin ará mi, odidi orílẹ̀-èdè ló ṣe conférence nationale, ìpàdé àpapọ̀ gbogbo ìlú, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjì ló máa wá ṣòro?" Ló bá jókòó sórí agolo ọ̀dà bí alága, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nawọ́. Gbogbo wọn nawọ́, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀. Ìpàdé náà kò yọrí sí rere ju ti orílẹ̀-èdè lọ. Ibẹ̀ ni inú ti bí Ṣóbọ̀wálé, tó la ẹnu, tó ní, "Ìwọ aránṣíìtì yìí, kí lo mọ̀ nípa ọjọ́ tí ọkọ̀ ń parí? Ìdí èèyàn nìkan ni iṣẹ́ rẹ mọ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àdìgún, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èébú, kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara, torí ẹnu ọ̀rẹ́ ló ti jáde. Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì padà.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni bá wọn parí ẹ̀, ìbọn ṣọ́jà dún láàárín ìlú. Oṣù kìíní ọdún 1993 ni. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń sá. Àwọn kan forí lé ibodè Gánà, àwọn kan forí lé Kùtọ̀nú. Ìsìlámíyátù ti ìdí ẹ̀rọ omi dé, ó sọ garawa kalẹ̀.

"Bàbá Rídúwánù, Ruth ìyàwó Ṣóbọ̀wálé ní àwọn ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Òun, ọkọ rẹ̀, àtàwọn ọmọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kùtọ̀nú ni wọ́n ń lọ."

"Kí Ọlọ́run mú wọn gúnlẹ̀."

"Ṣé báyìí ni ẹ ó ṣe jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín lọ? A ò mọ ẹni tó máa padà o."

Àdìgún ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ní tiwọn ò lè lọ, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó wà nílẹ̀ tí kò lè dìde. Ó ń rò ó pé bí Ṣóbọ̀wálé bá kú sọ́hùn-ún, tàbí bí òun bá kú síhìn-ín, ọ̀rọ̀ ìdí ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ gbẹ̀yìn láyé. Ìyẹn sì le jù.

Nírọ̀lẹ́ ni Barthélemy yà kí i. Àdìgún bi í bóyá ìwé yẹn tiẹ̀ sọ ohun tó dá ọkọ̀ yẹ́lò dúró.

"Mo kà á fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni tíṣà wí. "Ariwo ni ẹ̀ ń pa. Ìjókòó ló ń dúró dè. Awọ ni ẹni tó ni ín fẹ́, wọ́n sì ní ọwọ́ ni kí wọ́n fi rán an. Aránṣọ yẹn pẹ́ lórí ẹ̀."

Àdìgún la ẹnu sílẹ̀. Aránṣíìtì bíi tirẹ̀ ló parí ọkọ̀ ìkẹyìn! Gbogbo ọjọ́ tó fi ń jà fún pupa, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń gbá lójú.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ló gbéra. Ní ìkóríta, àwọn ọ̀dọ́ tó fi táyà dínà bi í pé apá ibo ló wà. Ó ní òun ń lọ bẹ ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n wojú rẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà fún un.

Ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà Ṣóbọ̀wálé, ẹrù ti kún un, Ruth àtàwọn ọmọ ti jókòó, dírébà ń fun fèrè. Ṣóbọ̀wálé rí i, ó sì tẹjú mọ́ okùn tó ń dì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àdìgún ti kó jọ lọ́nà fò lọ.

"Ṣóbọ̀, o borí. Yẹ́lò ni."

Ṣóbọ̀wálé yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Rárá," ó ní. "Pupa ni."

"Kí lo wí?"

"Barthélemy ti débí lánàá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìjókòó ni yẹ́lò ń dúró dè, àbí? Ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ ti parí! Pupa ni wọ́n kùn kẹ́yìn. Ìwọ lo jàre, Àdìgún. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ ò jẹ́ kí n sùn. Mo fẹ́ wá, ojú ló ń tì mí."

Omi ti fẹ́ bọ́ lójú Àdìgún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò bá a lára mu.

"Dúró ná. O ní ọkọ̀ tí kò níjòókòó ti parí?"

"Ó ti parí! Ọ̀dà ló ń parí ọkọ̀!"

"Ìdúró ni wọ́n máa fi wà á? Yẹ́lò ni, ọ̀gbẹ́ni!"

"Ẹ̀yin méjèèjì," Ruth pariwo látòkè, "ìbọn ń dún o!"

Dírébà ṣáná. Ṣóbọ̀wálé di Àdìgún mú, ó fún un mọ́ra títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fò sórí ẹrù. Orí ẹrù náà ló ti ń pariwo "Pupa! Olórí kunkun, o ò lè gbọ́n láéláé!" tí Àdìgún ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, tó ń dáhùn "Yẹ́lò!" Àwọn tó dínà ń wò wọ́n, wọn ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn yóò kà wọ́n mọ́.

Nígbà tó délé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, aṣọ rẹ̀ ti rin. Ìsìlámíyátù dìde.

"Ẹ bá a? Kí ló sọ?"

"Ó ní olórí kunkun ni mí. Ó ní mi ò gbọ́n, àti pé n ò lè gbọ́n láéláé." Àdìgún jókòó, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ó bá mi jà títí ọkọ̀ fi wọ kọ̀rọ̀, Ìyá Rídúwánù. Títí ọkọ̀ fi wọ kọ̀rọ̀ ni."