Lekoko Onídìrí àti Irun Àbúrò Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ilẹ̀kùn, kíkùn lẹ̀ ń kùn, ẹ ò dáhùn. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Ààlọ́ mi fò, ó fò, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ọba. Orí obìnrin onídìrí kan ló bà lé, orí náà ń dán, ni ààlọ́ bá yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òun náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní orí ẹlòmíì ni.

Lekoko làdúgbò ń pe obìnrin yìí. Kì í ṣe nítorí agídí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní in. Irun tó ń dì ló fún un lórúkọ. Bí Lekoko bá dirun fún ọ, ojú rẹ á fà sókè, bí o bá sì fẹ́ pajú dé, ó di kí o bẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin á jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n á máa ké yéè, òun á sì máa dá wọn lóhùn pé, "Ẹwà ló ń dùn yín yẹn. Irun tí kò bá dunni kì í pẹ́ lórí." Wọ́n gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá délé tí orí ń lù wọ́n kì-kì-kì, wọ́n á mu oògùn orí fífọ́ sí i, wọ́n á tún padà wá.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Dígí ńlá kan wà níbẹ̀ tí igun rẹ̀ ti sán, òòyà wà nínú ike omi ọṣẹ, irun àfikún so rọ̀ lára ògiri bí ìrù ẹṣin. Orí onídìrí ni pátákó onídìrí, Lekoko kò sì jẹ́ kí pátákó tirẹ̀ sinmi. Bí wọ́n bá tú irun rẹ̀ láàárọ̀, wọn ó ti dì í padà kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń dì í fún un, òun á gbé dígí kékeré dání, á máa pariwo pé, "Fà á sí i! Ṣé o ò jẹun ni?"

Àmọ́ ohun tó ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn wà ní òdìkejì ọ̀nà.

Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ń pè ní Kékeré. Nígbà tí Kékeré wà lọ́mọdé, bí òòyà bá kan orí rẹ̀, á ké débi pé àwọn aládùúgbò á yọjú. Ó sú ìyá wọn. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kí irun rẹ̀ máa hù bó ṣe wù ú." Irun náà sì hù bó ṣe wù ú lóòótọ́. Ó dúdú, ó kì, ó balẹ̀ dé èjìká, òòyà tó bá wọ inú rẹ̀, àfi kí wọ́n wá a jáde. Ọ̀dọ̀ Lekoko ni Kékeré ti kọ́ṣẹ́, ìgbà tó sì gbòmìnira, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìdojúkọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀nà náà ò fẹ̀. Bí ẹnìkan bá sín níbí, wọ́n á kí i lọ́hùn-ún.

Láàárọ̀, kí Lekoko tó gbálẹ̀, orí àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ irun yẹn síwá sẹ́yìn, oúnjẹ á kan lẹ́nu rẹ̀. Á ní, "Irun tí ìyá wa bí fún àwa méjèèjì, òun nìkan ló kó o lọ." Á wá dojú kọ obìnrin tó ń dirun fún un. "Fà á!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í re. Rorẹ́ wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ yọ sí etí orí, ó ń yọ ọyún díẹ̀díẹ̀, Lekoko sọ pé ooru ni. Lẹ́yìn náà ni irun wẹ́wẹ́ ẹ̀bá etí lọ, tí kò dágbére. Iwájú orí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Lekoko ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ dídì náà láti ẹ̀yìn díẹ̀. Irun ń sá, dídì ń lé e, títí wọ́n fi sún mọ́ àárín orí. Ó wá ra wíìgì, ó ń fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí.

Kí lo wí? Ṣé àbúrò rẹ̀ ló ń fà á? Ìbéèrè tí òun náà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Aránṣọ kan wà tó máa ń ṣe irun nílé méjèèjì, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Lekoko fà á jókòó.

"Aránṣọ, kí ló fi ń pa orí?"

"Ta ni?"

"Ta ni tún ni? Ẹni tó ń firun gbálẹ̀ àdúgbò."

"Omi àti òróró ni mo rí."

"Irọ́ ni. Ṣé o bá a mulẹ̀ ni?"

Aránṣọ ronú. "Ó dáa, bí mo ṣe wọlé lánàá, àlùbọ́sà ni gbogbo ilé ń rùn."

Hẹ̀n-ẹ́n! Lekoko kò béèrè mìíràn. Ó gún àlùbọ́sà, ó fún omi rẹ̀, ó fi pa orí, ó gbé wíìgì lé e. Orí ń ta á, ó ń pa á mọ́ra. Eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oníbàárà. Obìnrin kan jókòó kó ṣe irun, ó ń fimú wá inú ilé kiri, ó ní, "Ẹ kú ọbẹ̀ o, ṣé ó ti fẹ́ jinná?" Irun tí Lekoko dì fún obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ kò padé fún ìgbà pípẹ́. Irun orí Lekoko kò hù. Egbò ló hù.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ yìí ni Kékeré ti bímọ. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín séèyàn nígbà tí Aránṣọ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Lekoko, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"O ò gbọ́? Irun àbúrò rẹ ń re! Mo fojú mi rí i, ó ń re bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n da omi gbígbóná sí!"

Ẹ̀yin ọmọ, Lekoko jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó ní, "Ó mà ṣe o," ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbọ́, ó ń là lọ sí ẹ̀bá etí. Ó wọ bàtà, ó sọdá ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Òótọ́ ni. Irun wà nílẹ̀, ó wà lára aṣọ ìpọnmọ, ó kún ẹnu òòyà. Kékeré ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo orí mi. Bí mo bá kàn fọwọ́ kàn án, ẹ̀kúnwọ́ ló ń bá mi bọ̀. Ṣé mo máa pá lórí ni?"

"Má sunkún," ni Lekoko wí. Ojú rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀, inú rẹ̀ ń jó ijó ayọ̀. "Ọsibítù ló kàn. Èmi fúnra mi ni n ó mú ọ lọ."

Kékeré dúpẹ́ títí. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ni, kí wọ́n sọ ọ́ lójú òun pé irun yẹn ti lọ, kò ní padà mọ́.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wọ́n. Obìnrin ni dókítà náà, ó gẹ irun tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lo awò. Lekoko gbé ọmọ lé itan, ó tẹ́tí. Dókítà bi Kékeré nípa oyún, nípa oúnjẹ, nípa nǹkan oṣù. Ó tan iná sí orí rẹ̀, ó fa ìdì irun díẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wo ìdí wọn, ó tẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò.

"Ìbímọ ni," ló wí. "Nígbà tí ẹ wà nínú oyún, irun tó yẹ kó re dúró. Ọmọ ti dé báyìí, gbogbo wọn ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ abiyamọ. Á padà hù fúnra rẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹyin. A ó yọ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kó dá wa lójú pé ẹ̀jẹ̀ tó lára."

"Á padà hù?" ni Lekoko ké. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Ẹ tún un wò dáadáa, dókítà. Ṣé kì í ṣe làpálàpá?"

"Làpálàpá orí máa ń yún, ó máa ń bó, irun á sì kán ní kùkùté. Orí tiwọn mọ́."

"Ti ìdílé ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ya wọlé báyìí. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fẹ́lẹ́ láti àárín orí."

"Gẹ̀gẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun lè mú irun re."

"Ó lè mú un re lóòótọ́. Mo ti wo ọrùn wọn, a ó sì wò ó nínú ẹ̀jẹ̀ náà."

"Èyí tó máa ń ṣí roboto bí ìdérí ìgò ńkọ́?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Kékeré. "Ẹ̀gbọ́n yín mà fẹ́ràn yín o! Irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n."

Lekoko fẹ́ fèsì, ni ọmọ orí itan rẹ̀ bá nawọ́ sókè. Ẹ mọ ọwọ́ ọmọ ọwọ́: ohun tó bá rí, á dì í mú, bó bá dì í mú, á fà á. Ó fa wíìgì. Ooru ti yọ́ gúlù. Wíìgì tẹ̀lé ọmọ, ọmọ ti fi bọ ẹnu.

Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Kékeré ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?"

Dókítà rọra gbé iná súnmọ́ ọn. "Ta ló ń dirun fún yín?"

"Onídìrí lèmi fúnra mi."

"Ẹ máa ń fà á le?"

Lekoko wo ilẹ̀. Dókítà fi ìka tọ́ iwájú orí. "Ibí tó ń dán yìí, ojú ihò irun ti dí, ó ti di àpá. Mi ò ní tàn yín, ibí kò ní hù mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ níhìn-ín, irun wẹ́wẹ́ ṣì wà, ó lè padà. Bí ẹ bá ṣì ń fà á, òun náà á di àpá. Ẹ gé e mọ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí dídì, kò gbọdọ̀ sí irun àfikún, kò gbọdọ̀ sí gúlù. Kí lẹ fi pa egbò yìí?"

"Àlùbọ́sà."

"Àlùbọ́sà kẹ̀?" ni Kékeré wí.

"Ṣé òun kọ́ lo fi ń pa tìrẹ? Aránṣọ gbóòórùn rẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ ọ̀sán ni mo ń sè!"

Dókítà fún un ní ìpara tí yóò wo egbò, ó ní bí ó bá jinná, oògùn kan wà tí yóò máa fi para láti jí ìdí irun, ṣùgbọ́n kó ní sùúrù, kò ní yá. Ó kìlọ̀ fún Kékeré pé ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn yẹn. Inú Lekoko dùn díẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan wà, ó kéré tán, tí yóò jẹ́ tòun nìkan.

Àmọ́ kó gé irun? Kó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ lórí òfo, lójúkojú ẹni yẹn? Ó ní láéláé. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó so ìborùn, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó sì ń ní kí wọ́n máa kó ìwọ̀nba tó kù jọ sẹ́yìn fún òun, jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá sì ti ń kó o, díẹ̀ ń bá òòyà lọ.

Ohun tó mú un dìde, ìlara náà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó yọjú lójú fèrèsé bí ìṣe rẹ̀, ó rí Kékeré tó ń sá aṣọ ọmọ. Ní gbogbo iwájú orí Kékeré, irun tuntun ti yọ ṣónṣó, ó dúró gan-an bí koríko tí òjò àkọ́rọ̀ mu. Ojú ta Lekoko bí ata. Ó ní, "Kí tirẹ̀ máa hù, kí tèmi máa kú lọ? Kò ṣeé ṣe!" Ó já ìborùn sọnù, ó sọdá ọ̀nà láìbo orí, Aránṣọ ń bọ̀ lọ́nà, ó dúró bí òpó. Lekoko kò wò ó. Ó jókòó gbì sórí àga Kékeré.

"Gé e."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dá yín lójú?"

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí ti dé. Gé e."

Kékeré mú sísọ́ọ̀sì. Lekoko ń wò ó nínú dígí.

"Ìwọ náà gé tìrẹ."

"Èmi? Láéláé."

"Mo mọ̀. Ọ̀dájú."

Kékeré bú sẹ́rìn-ín, Lekoko kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dìde.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lórí gígẹ̀, àwọn kan wò ó, wọ́n yà lọ. Àwọn tó wọlé gbọ́ ohun tí ẹnìkan kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Bó bá dùn yín, ẹ pariwo, n ó tú u. Bí rorẹ́ bá yọ, ẹ má wá rárá títí yóò fi jinná." Àwọn tó ń wá irun líle wá onídìrí mìíràn lọ. Àwọn tó ti ń fi ìka pa etí orí wọn wò ní kọ̀rọ̀ jókòó.

Ó pẹ́ kí irun àárín orí rẹ̀ tó padà, ó padà ní rírọ̀. Ti iwájú kò padà títí dòní, bí dókítà ṣe wí. Ti Kékeré padà pátápátá, ó tún kì sí i. Ìlara ńkọ́? Oògùn ọsibítù kò ran ìyẹn. Bí ẹ bá rí àwọn àgbàlagbà méjèèjì níwájú ilé, ẹ ó gbọ́ tí Lekoko ń wí pé, "Tẹrí wá kí n wọ̀n ọ́n," Kékeré á tẹrí, Lekoko á fa ẹyọ irun kan ti ara rẹ̀, á fa ti Kékeré, á wò ó títí, á pòṣé.

Ó tán lẹ́nu mi. Ìwọ tó ń họ orí láti àárọ̀, sún mọ́ mi, kí n tú ti iwájú yẹn fún ọ. Ta ló dì í báyìí? Ẹ̀yin yòókù, ẹ dìde, ẹ fọ ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gba ìrọ̀rí ẹnìkejì o. Ó dàárọ̀.