Akika Lọ, Àkùkọ Mi Kù

Ẹnu mi kó bá àkùkọ mi lónìí o!

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé akika, ẹran igbó tó ní ìpẹ́ bí ẹja, dé láàyè láti oko Ibefun, wọ́n sì ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo yára fi fídíò páńdà hàn wọ́n.

"Bàbá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹranko tiwọn ní Ṣáínà kó má bàa tán. Akika tiwa náà ń tán lọ."

Wọ́n wò ó títí. "Ó dáa, lọ dá a padà sígbó."

Mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ṣì ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Àkùkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ń tán lọ?"

"Rárá o, sà. Àkùkọ pọ̀."

Ọbẹ̀ ti ń ta sánsán báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sunkún ni, àbí kí n gbé àwo?